Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tá a bá ń kọ́ ọmọ prámárì ní kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ prámárì 1 sí 3 ní kọ̀ǹpútà n'Ílọrin níbí, ohun kan náà ni mo ṣì ń rí, owó kan náà ni wọ́n ṣì ń sọ nù sígbó, ó sì ń dùn mí.

Àkọ́kọ́, wọ́n á ra kọ̀ǹpútà tán kí wọ́n tó rántí iná. Ilé-ìwé kan pè mí, mo débẹ̀, mo bá kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ 10 lábẹ́ ọ̀rá, jẹ́nẹ́rétọ̀ wọn ò lè gbé ju 3 lọ, eku sì ti jẹ wáyà méjì. Láptọ́ọ̀pù 3 tí bátìrì ẹ̀ dáa ì bá ti tó wọn.

Ìkejì, nóòtù kíkọ. Ọmọ ọdún 6 ń da "Charles Babbage ni bàbá kọ̀ǹpútà" kọ lójú bọ́ọ̀dù, ó ń ya máòsì sínú ìwé, kò sì fọwọ́ kan máòsì rí! ScratchJr, áàpù tí ọmọdé fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń to àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, wà ńbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ ọdún 5 sí 7 ni wọ́n ṣe é fún, ọmọ tí ò tíì mọ̀wé kà á lò ó, tẹ́ ẹ bá ti gbé e sórí tablet kò tún bi yín ní dátà. Tí ò bá sí tablet, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sílẹ̀, kí ọmọ kan di róbọ́ọ̀tì, kí èkejì máa pàṣẹ fún un, síwájú ẹ̀ẹ̀mejì, yà sọ́tùn-ún, tó bá lọ forí sọ ògiri kí wọ́n jọ wá ibi tí àṣẹ ti ṣì.

Páswọ́ọ̀dù kan fún gbogbo kíláàsì, ẹ yéé ṣe é.

Fọ́tò ọmọ pẹ̀lú orúkọ ẹ̀ àti yunifọ́ọ̀mù lórí Facebook, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ lónìí.

WhatsApp fún ọmọ ọdún 7? Àwọn tó ni ín gan-an ní ó dìgbà tó bá pé 13 kó tó lè dá ṣí tiẹ̀.

Èyí tó ń ká mi lára jù ni ká máa dẹ́rù ba ọmọ. Èmi náà ṣe é. Mo sọ fún kíláàsì mi pé ẹni tó bá bá àjèjì sọ̀rọ̀ lórí fóònù máa jẹ ẹgba 6. Ọmọbìnrin kan ní prámárì 2, fóònù ìyá ẹ̀ ló fi ń ṣeré gẹ́émù ní ìsọ̀ ata wọn l'ọ́jà Ìpàtà, ẹnì kan wá ń bá a sọ̀rọ̀ nínú gẹ́émù yẹn, ó ní kó fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́, kó má sọ fún màmá ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ yìí fi gbé e sínú, tó bá kàn án nídìí kọ̀ǹpútà á fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìdí. Nígbà tí mo fà á mọ́ra tí mo bi í, ó ní, "Àǹtí, ẹ ní ẹ máa nà wá."

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Látìgbà náà, "o ṣeun tó o sọ fún mi" lọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu mi. Kò sí ẹgba, kò sí pé mo gba fóònù. Ọmọ kọ̀ọ̀kan máa ń fi ìka ka àgbà mẹ́ta tó lè sá lọ bá. Ẹ má sì tíì pa ọ̀rọ̀ àjèjì yẹn rẹ́ o, ẹ ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà lójú fóònù pa mọ́ ná, kẹ́ ẹ tó dí i lọ́nà.

Mo tẹ̀ lé ọmọ yẹn dé ìsọ̀. Ìyá ẹ̀ nu ata ọwọ́ ẹ̀ sí ìró, ó mú fóònù wá, a wá ibi tí wọ́n ti ń pa ọ̀rọ̀ sísọ nínú gẹ́émù náà, ọmọ ló fi ìka ara ẹ̀ tẹ̀ ẹ́.