Kí o tó ná owó gọbọi lórí káàdì graphics tuntun

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà mi ń dà mí láàmú. Káàdì graphics GTX 1660 Super ló wà nínú rẹ̀, processor Core i5-9400F, RAM 8GB, mọ́nítọ̀ 1080p tó jẹ́ 60Hz. Láti bí oṣù mẹ́ta báyìí, bí mo bá ń gbá géèmù, á háńgì díẹ̀, á tún máa lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní káàdì mi ti di ti àná, kí n lọ ra RTX 5070. Mo ti ń tu owó jọ. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, fọwọ́ wọ́nú ná. Nígbà tí RTX 5070 jáde ní oṣù kẹta 2025, $549 ni Nvidia, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ní kí wọ́n máa tà á ní Amẹ́ríkà. Bí a bá ṣírò dọ́là kan sí ₦1,500, ó ti lé ní ₦820,000 kó tó wọ ọkọ̀, kó tó dé èbúté, kí ẹni tó ń tà á tó fi èrè tirẹ̀ lé e. Èèyàn kì í ná irú owó bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọ̀rẹ́ ẹni ló sọ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó ń dun kọ̀ǹpútà náà.

Pa V-Sync nínú géèmù rẹ, torí ó máa ń so eré káàdì mọ́ ti mọ́nítọ̀, á dá GPU (chip orí káàdì graphics) dúró sí àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wàá sì rò pé káàdì kò ṣiṣẹ́. Tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager ṣí, bọ́ sí Performance, kí o wá gbá géèmù fún ogún ìṣẹ́jú. Wo GPU, CPU (processor) àti Memory (RAM). Bí GPU bá wà ní 97 sí 100% tí àwọn tó kù ń sinmi, a jẹ́ pé káàdì lagbára rẹ̀ ti pin. Bí CPU bá kún tí GPU sì rọwọ́, processor ló ń fà á sẹ́yìn. Káàdì tó wù kó o rà, á kàn jókòó máa retí rẹ̀ ni. Bí ó bá sì jẹ́ Memory ló kún, RAM ni.

Ìbéèrè: Mo ti wò ó. GPU kì í kọjá 65%. CPU máa ń fò dé 100% lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ Memory, 7.6GB nínú 8GB ni, kò sì sọ̀ kalẹ̀.

Ìdáhùn: RAM rẹ ló kún. Tó bá ti kún, Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù lọ sórí disk, disk kò sì lè sáré tó RAM láéláé. Ìgbà tó bá lọ gbé ẹrù náà padà ni géèmù rẹ ń dúró. Ra 8GB kan sí i, DDR4, kí eré rẹ̀ bá ti èyí tó wà níbẹ̀ dọ́gba. Bí motherboard rẹ (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà) bá ní ihò RAM mẹ́rin, ihò kejì àti ìkẹrin láti ẹ̀gbẹ́ processor ni kó o ki wọ́n bọ̀, kí méjèèjì lè jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Owó rẹ̀ kò sún mọ́ ti káàdì rárá.

Ìbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an, ó ti dáa. Ṣùgbọ́n tó bá tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ẹ̀rọ ìlọta, eré á sì já wálẹ̀.

Ìdáhùn: Ooru nìyẹn. Bí ooru káàdì rẹ bá ti ń tó bí 83°C, òun fúnra rẹ̀ á dín eré kù kó má bàa jóná. Ìgbà wo lo ti ṣí i kẹ́yìn?

Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan gbé tirẹ̀ wá bá mi ní Ọ̀tìgbà, ní Ìkẹjà, ó ti mú owó káàdì tuntun dání. Mo tú fáànù káàdì náà. Eruku ọyẹ́ ti dì sáàárín àwọn irin pẹlẹbẹ abẹ́ rẹ̀, ó nípọn bí òwú inú tìmùtìmù, odindi ni mo fi ẹ̀mú fà á jáde. Paste tó wà láàárín chip àti irin ti gan bí ẹfun. A fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, a fi blower fẹ́ ẹ, mo fi ìka di fáànù mú kó má bàa yí. A fi spirit nu paste àtijọ́ kúrò, a fi tuntun sí i. Ooru tó ń dé 86°C tẹ́lẹ̀ kò kọjá 70°C mọ́. Ó kó owó rẹ̀ padà sílé, inú mi sì dùn ju bí ẹni pé mo ta káàdì fún un lọ.

Nígbà mìíràn kì í tiẹ̀ ṣe eruku. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ara motherboard ni wọ́n ki wáyà HDMI sí dípò ara káàdì. Graphics inú processor á máa ṣe gbogbo iṣẹ́, káàdì olówó ńlá á sùn fọnfọn. Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Tìrẹ kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí F tó wà lẹ́yìn 9400 ń sọ pé processor náà kò ní graphics tirẹ̀. Mọ́nítọ̀ rẹ ìbá ti ṣókùnkùn.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló wá yẹ kéèyàn ra tuntun? Mo gbọ́ pé 5070 lágbára tó 4090, káàdì Nvidia tó lágbára jù nínú ìran tó ṣáájú rẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹnu Jensen Huang, ọ̀gá Nvidia, ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde ní Las Vegas ní oṣù kìíní 2025. Àwòrán tí AI ń fi kún un ló kà mọ́ ọn. Nígbà náà, bí káàdì bá ya àwòrán gidi kan, AI lè fi tó mẹ́ta sí i. Ojú á rí i pé ó ń yọ̀, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì tí o tẹ̀ kò yára dáhùn sí i, torí inú àwòrán gidi nìkan ni géèmù ti ń gbọ́ tìrẹ. Yọ àwọn ti AI kúrò, ẹgbẹ́ 4070 Super, àbúrò 4090, ni 5070. Memory 12GB ló sì ní lórí káàdì, nígbà tí 4090 ní 24GB. Ó dùn mí pé owó ìtajà tí àwọn ọmọ kan fi ọdún kan kó jọ ló ń bá irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yẹ bí o bá fẹ́ bọ́ sí mọ́nítọ̀ 1440p tàbí 4K. Ó yẹ bí Blender (app àwòrán 3D) tàbí fídíò bá jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ, torí wákàtí tó bá dín kù, owó ni. Ó tún yẹ bí géèmù tí o fẹ́ bá wà lára àwọn tó jáde láti ìparí 2024 tí kì í ṣí rárá lórí káàdì tí kò ní ray tracing, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ya ìmọ́lẹ̀ àti òjìji bíi ti gidi. 1660 Super kò ní in, kò sì ní DLSS, AI Nvidia tó ń mú kí eré géèmù pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n lórí mọ́nítọ̀ 60Hz rẹ, àwòrán 60 péré lo lè rí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kódà bí káàdì bá ń ya 150.

Ìbéèrè: Èwo lẹ ó wá ní kí n rà bó bá yá?

Ìdáhùn: RTX 3060 tó ní 12GB, tòkunbọ̀. 170W ló ń jẹ. 5070 ń jẹ 250W, ìlọ́po méjì ohun tí 1660 Super ń jẹ, Nvidia sì ní power supply rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kéré sí 650W. Ro ti inverter rẹ àti jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn mọ́ ọn.

Má ra tòkunbọ̀ láìjẹ́ pé o jókòó tì í. Ọ̀pọ̀ káàdì ni wọ́n fi wa Ethereum, owó crypto, tọ̀sán tòru kí ìyẹn tó dópin ní oṣù kẹsàn-án 2022. Ní kí wọ́n fi géèmù dán an wò fún ogún ìṣẹ́jú lójú rẹ, gbọ́ ìró fáànù, kí o sì ṣí GPU-Z, app tó ń sọ irú káàdì tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá ti yí orúkọ káàdì àtijọ́ kan padà, GPU-Z sábà máa ń kọ FAKE síwájú orúkọ náà.

Ìbéèrè: Ṣé kí n ta 1660 yìí ná kí n fi owó rẹ̀ kún un?

Ìdáhùn: Rárá o. Jẹ́ kí èyí tí o bá rà ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ná. Bí ó bá kú lọ́wọ́ rẹ, 1660 ni wàá dá padà síbẹ̀.