Ojú Ọgbẹ́ Jiná, Kálísíọ̀mù Ò Tíì Tán

Ilé tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ parathyroid, àwọn kókó kéékèèké inú ọrùn, fún ẹnì kan la kọ ìwé yìí fún. Bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn, ẹ ti mọ̀ ọ́n, a ò ní padà síbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo là ń bá yín sọ: ẹ̀ ń dá oògùn kálísíọ̀mù dúró fúnra yín.

Ìyá àgbẹ̀ kan ní Èkìtì níbí ló jẹ́ ká kọ ọ́. Ọjọ́ kẹfà tó ti ọsibítù dé, ọgbẹ́ ọrùn rẹ̀ ti gbẹ, ó ní òun ò lè máa jẹ hóró oògùn bí ẹní jẹ àgbàdo díndín. Ó jù ú sínú àpótí, ó lọ kọ ebè. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìka ọwọ́ rẹ̀ ká kò, gìrì mú un. Àwọn ará ilé ní wárápá ni. Wọ́n ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n ń wá àgbo ìtọ̀ màlúù kiri. Kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló lọ sílẹ̀. Dírípù ló gbà á là, ṣùgbọ́n eyín iwájú méjì ti bá ṣíbí lọ.

Kókó mẹ́rin ni parathyroid, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí hóró ìrẹsì, lẹ́yìn ibi tí gẹ̀gẹ̀ máa ń wú sí. Èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ àṣejù a máa fa kálísíọ̀mù jáde lára egungun. Bí wọ́n bá gé e kúrò, egungun á máa gba tirẹ̀ padà nínú ẹ̀jẹ̀, bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu òjò àkọ́rọ̀. Ọjọ́ kejì sí ìkẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń le jù, àmọ́ ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó lè gba oṣù. Ọgbẹ́ tó jiná ò mọ nǹkan kan nípa egungun.

Ẹ lo oògùn kálísíọ̀mù pẹ̀lú oúnjẹ, bí dókítà ṣe pín in. Ara kì í gbà ju nǹkan bíi 500 mg kálísíọ̀mù lọ dáadáa lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹ má kó ti ọ̀sán mọ́ ti alẹ́ torí pé ẹ wà lóko. Ẹ dì í mọ́ oúnjẹ oko. Ẹni tó tún ń lo levothyroxine, oògùn thyroid (kókó tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀), kó fi wákàtí 4 sáàárín wọn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin, wákàtí 2.

Ẹ wo ara páálí. Calcium carbonate 1250 mg, 500 mg kálísíọ̀mù ló wà nínú rẹ̀. Calcium lactate 300 mg tó pọ̀ ní kẹ́míìsì, bíi 39 mg péré ni. Hóró 13 ló tó ọ̀kan ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ní “ọ̀kan náà ni”, kó jókòó ṣírò rẹ̀. Ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun, wàrà àti ewédú dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyán, ṣùgbọ́n wọn ò lè rọ́pò oògùn lásìkò yìí. Ẹ má sì bá wa lọ èèpo ẹyin.

Bí ètè tàbí ìka bá ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn ín, tàbí pajápajá ń mú un, ẹ lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í ṣe lẹ́yìn ọjọ́ ọjà. Bí ọwọ́ bá ká kò, tí gìrì mú un, tàbí tí èémí ń han, ọsibítù ńlá tó bá yá jù ni, Adó tàbí Ìdó. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ì báà ṣe ṣíbí, àgbo tàbí epo. Láti ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ ti sọ pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ parathyroid fún un. Ẹ ní kí wọ́n yẹ magnesium, èròjà mìíràn inú ẹ̀jẹ̀, wò pẹ̀lú, torí bí ìyẹn bá kéré, kálísíọ̀mù kì í gòkè bọ̀rọ̀.

Òùngbẹ púpọ̀, ìtọ̀ lemọ́lemọ́, àìrí ìgbẹ́ yà tàbí ọ̀rọ̀ tí kò já gaara lè fi hàn pé kálísíọ̀mù ti pọ̀ jù. Àyẹ̀wò náà ni lọ́jọ́ náà, dókítà ni yóò sì dín oògùn kù.

Bí oògùn bá ku ti ọjọ́ márùn-ún, ẹ lọ ra òmíràn. Ẹ má dúró de owó iṣu.