Bí a ṣe ń pèsè ẹran ara kíndìnrín sílẹ̀ fún máíkrósíkóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù

Ẹni tí yóò bá ṣiṣẹ́ nídìí máíkrósíkóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù (ẹ̀rọ tí ń fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù dípò ìmọ́lẹ̀ wo ohun tó kéré gan-an) ní ilé ìwòsàn ní láti mọ̀ pé ohun tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ti parí kí ó tó jókòó ti ẹ̀rọ, nítorí pé ẹran ara tó bá ti bàjẹ́ nínú ìgò kẹ́míkà kò ní àtúnṣe mọ́.

Gbàrà tí dókítà bá ti fi abẹ́rẹ́ mú ẹran kíndìnrín jáde ni kí ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ègé kọ̀ọ̀kan má ju mìlímítà 1 lọ, kí ẹ sì rì í sínú glutaraldehyde, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà. Kẹ́míkà yìí kì í yára wọnú ẹran. Bí ègé bá tóbi, àárín rẹ̀ yóò ti máa jẹrà kí ó tó débẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e sínú fìríìsà, nítorí yìnyín a máa fa sẹ́ẹ̀lì ya. Osmium tetroxide ló kàn, òun ló ń mú kí ọ̀rá ara sẹ́ẹ̀lì hàn dúdú, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ lè ba ojú jẹ́, nítorí náà ẹ má ṣí i níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ tí ń fa èéfín. Lẹ́yìn náà, ethanol yóò fa omi kúrò, résìnì, ìyẹn oje tí ń le bí ike, yóò rọ́pò rẹ̀, a ó sì fi í sínú ooru 60°C kí ó le di búlọ́ọ̀kù.

Gígé ni a fi ń mọ ọwọ́ tó dáńtọ́. Ẹ kọ́kọ́ gé pelebe kan tó nípọn tó máíkrómítà 1, kí ẹ fi toluidine blue pa á láró, kí ẹ sì wá glomerulus, ìyẹn ìdìpọ̀ iṣan wẹ́wẹ́ tí ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ mú búlọ́ọ̀kù mìíràn. Bí ẹ bá rí i, ọ̀bẹ dáyámọ́ńdì ni ẹ ó fi gé èyí tó fẹ́lẹ́ tó nanomítà 60 sí 90: bí ó bá ń dán bíi fàdákà lójú omi, ó dára, bí ó bá pọ́n bí àlùkò, ó ti nípọn jù. Ẹ gbé e sórí àwọ̀n bàbà, kí ẹ fi kẹ́míkà uranyl acetate àti lead citrate kùn ún kí àwòrán lè hàn kedere. Ẹ má mí sí lead citrate, nítorí afẹ́fẹ́ ẹnu a máa sọ ọ́ di èérí dúdú tí ojú tí kò mọṣẹ́ lè pè ní àmì àrùn.

Nídìí ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán gbogbo glomerulus kí ẹ tó sún mọ́ awọ ìpìlẹ̀ àti ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì podocyte, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó fi ẹsẹ̀ wọn di òde awọ náà mú. Nínú àrùn kíndìnrín tí a ń pè ní minimal change, máíkrósíkóòpù lásán tí ń lo ìmọ́lẹ̀ lè má rí nǹkan kan, àmọ́ àwọn ẹsẹ̀ wọ̀nyí yóò ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ tọ́jú búlọ́ọ̀kù tó kù, nítorí dókítà lè béèrè glomerulus mìíràn.