Àṣìṣe tí Fádà tuntun sábà máa ń ṣe nínú iṣẹ́ ọ́fíìsì Ìjọ

Ẹ̀yin Fádà tuntun, ẹ má fojú kéré iṣẹ́ ọ́fíìsì. Angelo Roncalli di àlùfáà ní 1904. Nígbà tó fi máa di 1905, ó ti di akọ̀wé Bíṣọ́ọ̀bù Radini-Tedeschi ní Bergamo, ibẹ̀ ló sì wà títí ọlọ́jọ́ fi dé bá ọ̀gá rẹ̀ ní 1914. Òun náà ló padà di Póòpù ní 1958.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni ti ìwé ìrìbọmi. Fádà á ṣèrìbọmi fún ọmọ rẹpẹtẹ lálẹ́ Àjíǹde, wọ́n á kọ orúkọ sórí bébà, wọ́n á ní tó bá yá, àwọn á dà á kọ sínú ìwé. Kì í yá. Lẹ́yìn ogún ọdún, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà fẹ́ ṣègbéyàwó l'Ékòó, wọ́n ní kó lọ gba ẹ̀rí ìrìbọmi wá, wọ́n tú ìwé títí, wọn ò rí orúkọ rẹ̀. Fádà ìgbà yẹn ti lọ síbòmíràn, kátíkíìsì, ìyẹn olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ nínú ìjọ, ti dolóògbé. Kánọ̀nù 535, ìyẹn òfin Ìjọ Kátólíìkì, ò fi pa mọ́ rárá: ọrùn Fádà párísì, Fádà tó ń darí ìjọ àdúgbò, ni ìwé yẹn wà. Bí ẹ bá sì so tọkọtaya pọ̀, ẹ tètè ránṣẹ́ sí párísì tí kálukú wọn ti ṣèrìbọmi, kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àpọ́n ni ìwé á ṣì máa pe ọkọ ìyàwó.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Owó tí ìjọ dá fún òrùlé, ẹ má fi ra díísù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ fẹ́ dá a padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kánọ̀nù 1267 kọ̀ ọ́. Ẹ má gba owó Mísà, ìyẹn owó táwọn èèyàn ń mú wá kí ẹ lè bá wọn rú Mísà, ju iye Mísà tí ẹ lè rú láàárín ọdún kan lọ, ẹ sì máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má sì dá owó ná láìfi ti ìgbìmọ̀ ìnáwó párísì ṣe.

Bó bá jẹ́ alábòójútó lásán ni wọ́n fi yín ṣe, ìyẹn adelé tó ń bójú tó párísì títí Fádà párísì á fi dé, ẹ má tíì wó ohun tí Fádà àná kọ́. Ìgbà tí Fádà párísì bá dé, ẹ jíhìn fún un: ìwé owó, kọ́kọ́rọ́, àti orúkọ àwọn tí ẹ ò tíì rú Mísà wọn.