Bí A Ṣe Ń Fi Máàpù Àtijọ́ Tọpa Ìtàn Abúlé

Ọ̀pọ̀ abúlé ni kò ní ẹni tó kọ ìtàn wọn sílẹ̀, àmọ́ àwọn awọnlẹ̀ ti gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ya òkè, odò, ọ̀nà ẹsẹ̀, afárá, ilé ìwé, àti ilé àdáwà tó wà láàárín oko. Ọ̀rọ̀ ogun, ìṣàkóso ilẹ̀ àti ọ̀nà reluwé ló sábà máa ń gbé wọn débẹ̀. Síbẹ̀, nínú iṣẹ́ wọn la ti lè rí bí ibì kan ṣe rí kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lónìí tó dáyé.

Ẹ mú ibi tí ẹsẹ̀ yín lè ká

Abúlé kan pẹ̀lú oko tó yí i ká ti tó, tàbí àfonífojì odò kékeré kan. Ibi tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn já láàárín ọjọ́ kan ló dára jù. Ẹ ní ìbéèrè kan lọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: kí ló dé tí ọ̀nà yìí fi yà níbi tí kò sí òkè tàbí odò? Ta ló ń lo afárá tó wà láàárín igbó yẹn?

Ẹ wá máàpù méjì, ó kéré tán

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín máàpù méjì ni à ń wá, nítorí náà ẹyọ kan kò lè ṣe é. Ti Amẹ́ríkà ló rọrùn jù láti rí: USGS, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ya máàpù ilẹ̀ náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1879, ti kó àwọn máàpù rẹ̀ àtijọ́ sí ìkànnì topoView, ọ̀fẹ́ sì ni. Tó bá jẹ́ ti Ìlú Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, máàpù Ordnance Survey, ilé iṣẹ́ tó ń ya máàpù ilẹ̀ wọn, pọ̀ lórí ìkànnì National Library of Scotland, ẹ sì lè gbé ti àtijọ́ àti àwòrán sátẹ́láìtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso ní máàpù 1:50,000 tí Directorate of Overseas Surveys, ilé iṣẹ́ awọnlẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, yà láti inú fọ́tò ọkọ̀ òfuurufú, lẹ́yìn 1946. Ẹ tún wo ìkójọ máàpù Perry-Castañeda ti Yunifásítì Texas, kí ẹ sì béèrè ní ọ́fíìsì awọnlẹ̀ ìjọba.

Ẹ kíyè sí ìwọ̀n. Lórí 1:50,000, sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mítà 500 lórí ilẹ̀, èyí tó tó fún abúlé àti ọ̀nà. Bó bá jẹ́ kànga àti ààlà oko lẹ ń wá, irú 1:10,560 ti Ordnance Survey ló máa wúlò. Ẹ fi 1:250,000 sílẹ̀. Ohun tí ẹ ń wá kò ní hàn níbẹ̀.

Ẹ ka etí rẹ̀ kí ẹ tó ka àárín rẹ̀

Ọdún tí wọ́n tẹ máàpù jáde lè jìnnà sí ọdún tí wọ́n wọn ilẹ̀ náà. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà tuntun nìkan ni wọ́n fi kún iṣẹ́ àtijọ́, tí ilé àti oko inú rẹ̀ sì jẹ́ ti ogún ọdún sẹ́yìn. Ẹ wá ọdún méjèèjì ní etí máàpù, kí ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Lórí àwọn máàpù USGS kan, àwọ̀ elésè àlùkò ni wọ́n fi ya ohun tí wọ́n rí nínú fọ́tò òfuurufú láìtún padà lọ wò ó lórí ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ àwọn àmì rẹ̀. Búlúù ni omi, búráùn ni àwọn ìlà tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn, dúdú ni iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ máàpù USGS ìgbà àkọ́kọ́ kò ní ju àwọ̀ mẹ́ta yìí lọ. Ibi funfun lórí wọn kò sọ pé kò sí igbó níbẹ̀. Wọn ò ya igbó rárá ni. Ẹni tí kò mọ èyí á rò pé igbó tó rí lónìí ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Lórí máàpù Ordnance Survey ńlá, lẹ́tà W ni kànga, lẹ́tà Gótíìkì, irú lẹ́tà ọlọ́nà ti àtijọ́, sì ni wọ́n fi kọ orúkọ àwọn ibi àtayébáyé.

Ẹ wá ohun tó parẹ́

Ibí yìí ni kókó iṣẹ́ wà, ẹ má kánjú. Ẹ pín máàpù sí igun mẹ́rin-mẹ́rin kéékèèké, kí ẹ máa gbé e wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: kí ló wà níbí tí kò sí mọ́? Kí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Orúkọ wo ló yí padà?

Ọ̀nà reluwé tí wọ́n ti hú irin rẹ̀ ló rọrùn jù láti dá mọ̀. Reluwé kò lè gun òkè ganganran, kò sì lè yà lójijì. Bí ẹ bá rí ọ̀nà kékeré kan lórí máàpù tuntun tó ń tẹ̀ jẹ́jẹ́, tó ń bá ìlà gíga rìn, tó sì la òkìtì kọjá dípò kó gùn ún, ẹ lọ wo máàpù tó dàgbà jù ú lọ.

Bí ọ̀nà ẹsẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá pàdé níbi tí kò sí nǹkan kan lónìí, àwọn ènìyàn ní ohun tí wọ́n ń lọ ṣe níbẹ̀: omi, ọjà, ìjọsìn tàbí ọkọ̀ ojú omi. Níbi tí ìlà gíga bá sún mọ́ra tí wọ́n sì gba orí odò kọjá, omi ń já wálẹ̀ níbẹ̀. Irú ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé ọlọ tí omi ń yí sí. Bó bá sì jẹ́ adágún ńlá tí wọ́n fi ìdídò ṣe lẹ rí, ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ lórí máàpù àtijọ́. Nígbà mìíràn odindi abúlé ni.

Bí àpẹẹrẹ, ohun tó wà lórí máàpù 1912 tí kò sí lórí ti 1950 parẹ́ láàárín ọdún méjèèjì. Máàpù kẹta á dín àlàfo yẹn kù, ẹ ó wá mọ ìwé ìròyìn ọdún wo ni kí ẹ lọ tú.

Ẹ gbé e lé ilẹ̀ òní

QGIS, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́, lè gbé máàpù àtijọ́ lé ti òní lórí. Ẹ fi nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó ń sọ ibi tí igun kọ̀ọ̀kan wà láyé, bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi oríta àti afárá òkúta tó wà lórí máàpù méjèèjì kún un. Ẹ má fi etí odò ṣe ààmì, torí odò máa ń ṣí kúrò. Ẹ sì rántí pé lórí 1:50,000, mìlímítà kan jẹ́ mítà 50. Ilé tó dà bíi pé ó sún ní ogún mítà kò kúrò níbi tó wà.

Ẹ lọ bá àwọn àgbà

Ẹ tẹ apá tí ẹ nílò sórí ìwé ńlá, kí ẹ gbé e lọ. Ẹ má béèrè pé, “Ṣé ilé ìwé wà níbí rí?” torí ọ̀pọ̀ á kàn dáhùn bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n má bàa já yín kulẹ̀. Ẹ béèrè pé, “Tí ẹ bá ń bọ̀ láti odò nígbà èwe yín, kí lẹ máa ń kọjá?” Ẹ jẹ́ kí ìka wọn rìn lórí ìwé náà. Orúkọ tó wà lórí máàpù sì lè jẹ́ èyí tí àjèjì gbọ́ ṣì, nítorí náà ẹ kọ bí wọ́n ṣe ń pè é.

Ẹ gba àṣẹ onílẹ̀ kí ẹ tó wọ oko rẹ̀. Ọ̀nà tó wà lórí máàpù kò sọ pé ẹ ní ẹ̀tọ́ láti gbà á. Ẹ ṣọ́ra fún kànga àtijọ́ àti ihò ìwakùsà tí koríko ti bò, ẹ má sì gbẹ́ ilẹ̀. Lórí fọ́tò kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá yà, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà máàpù, ọdún tí wọ́n wọn ilẹ̀, ibi tí ẹ dúró sí gan-an, àti ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ bó bá gbà pé kí ẹ dárúkọ òun. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ta ko máàpù, ẹ kọ méjèèjì.