“Ich” àbí “mir”: ọ̀rọ̀ kan tó dá owó mi dúró ní Jámánì

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Jámánì, Dativ tí olùkọ́ yín ń kọ sójú pátákó yẹn, ìyẹn ìrísí tí ọ̀rọ̀ Jámánì ń gbà fún ẹni tí a ṣe nǹkan fún tàbí tí nǹkan dé bá, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò le: ich (èmi) á di mir (mi), du (ìwọ) á di dir, er (òun) á di ihm, wir (àwa) á di uns. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe bíi helfen, danken, gehören, folgen, antworten, mir ni wọ́n ń gbà, wọn kì í gba mich, ìyẹn “mi” tí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn ń gbà. Ẹ há wọn sórí. Wọ́n wà nínú ìwé kíláàsì yín, n kò ní tún wọn tò.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ni kündigen, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò bí ẹnì kan bá fiṣẹ́ sílẹ̀ tàbí bí wọ́n bá lé e níṣẹ́.

Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá pè mí, ó na lẹ́tà sí mi: iṣẹ́ ti tán. Mo ki lẹ́tà náà bọ abẹ́ aṣọ nínú àpótí, mo gba ọ́fíìsì tó ń sanwó fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Obìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bi mí bí iṣẹ́ ṣe parí. Mo fi gbogbo ẹnu dáhùn: “Ich habe gekündigt.” Lọ́kàn tèmi, mo ní wọ́n lé mi. Ohun tó gbọ́ ni pé èmi fúnra mi ni mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀ láìnídìí pàtàkì, Sperrzeit ń bẹ fún un: ọ̀sẹ̀ 12 láìrí kọ́bọ̀. Ọ̀sẹ̀ 12! Arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló yá mi lówó ilé oṣù méjì.

“Mir wurde gekündigt”, wọ́n lé mi níṣẹ́, ló yẹ kí n wí. Ẹ tẹjú mọ́ mir yẹn. Irú rẹ̀ ò ṣàjèjì sí wa: orí ń fọ́ mi, Der Kopf tut mir weh, ilé náà wù mí, Die Wohnung gefällt mir, òtútù ń mú mi, Mir ist kalt. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń bára mu o, torí “ó rí mi”, Er sieht mich ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n lé níṣẹ́ tó bá ní “ich”, ó ti ba tara rẹ̀ jẹ́.

Ẹ má gbọ́ tàwọn tó ń sọ pé “wọ́n á ṣáà mọ ohun tó ò ń sọ”. Wọn ò ní mọ̀ ọ́n! Bí ọ̀gá bá sì ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí Aufhebungsvertrag, pé ẹ jọ fẹnu kò kí iṣẹ́ parí, ẹ má fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, ó lè fa Sperrzeit bákan náà. Zustimmen (fara mọ́ nǹkan), Dativ ni: Ich stimme dem nicht zu, n kò fara mọ́ ọn.

Lẹ́tà inú àpótí yẹn ló yọ mí. Oṣù kan péré ni wọ́n fún mi láti kọ Widerspruch, lẹ́tà tí mo fi ta ko ìpinnu ọ́fíìsì náà. “Hiermit widerspreche ich dem Bescheid” (mo ta ko ìpinnu náà), Dativ tún ni, mo so ẹ̀dà lẹ́tà mọ́ ọn, owó sì wọlé nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí gbèsè ti wọ̀ mí lọ́rùn. Nítorí náà, lẹ́tà tí wọ́n fi lé yín, orí ìwé ló gbọ́dọ̀ wà, pẹ̀lú ìbuwọ́lù. Ímeèlì ò tó. Láti ọjọ́ tó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ 3 lẹ ní láti pẹjọ́ bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ. Ẹ mú un dání lọ sí ọ́fíìsì, kẹ́ ẹ gbé e sórí tábìlì kẹ́ ẹ tó la ẹnu.