Kíláàsì CCNA tí ọ̀gá àti ọ̀gbẹ̀rì jọ wà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ni ní CCNA, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ti ilé-iṣẹ́ Cisco. Ẹ má béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bóyá ó mọ nẹ́tíwọ̀kì. Gbogbo wọn ló máa ní àwọn mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ kọ àdírẹ́sì nẹ́tíwọ̀kì kan, 192.168.10.0/26, sójú pátákó, kí kálukú fi bírò kọ iye ẹ̀rọ tó lè gbà. Ẹni tó kọ 62 ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kọ 64 ka gbogbo àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀, ó gbàgbé pé àdírẹ́sì àkọ́kọ́ jẹ́ ti nẹ́tíwọ̀kì fúnra rẹ̀, tí ìkẹyìn sì jẹ́ ti broadcast, ìyẹn ìránṣẹ́ tó ń lọ sọ́dọ̀ gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àlàyé ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó o. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ìwé wọn funfun báláú niṣẹ́ wà.

Ẹ wá pín wọn ní méjì-méjì, ẹni tó mọ̀ pẹ̀lú ẹni tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ̀rì ni kó jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá kan ń tẹ kọmáǹdì wàràwàrà nínú Packet Tracer, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìdánrawò nẹ́tíwọ̀kì, ẹnìkejì rẹ̀ ń wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo gba kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ọ̀gá, tó wá di dandan kó fẹnu ṣàlàyé, òun fúnra rẹ̀ ò lè sọ ìdí tó fi ń tẹ “no shutdown”, kọmáǹdì tó ń tan ojú ìsopọ̀ ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì.